Ẹ̀rọ Ọwọ́ àti Kọ̀ǹpútà Àgbà: Èwo Ni Ẹlẹ́rìí?

Lónìí, bí àwọn ará Isuada ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ bá jáde láti dìbò, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní BVAS ni òṣìṣẹ́ INEC fi ń yẹ ìka tàbí ojú wọn wò. Kọ̀ǹpútà àfọwọ́mú ni. Ó ń ka iye olùdìbò, ó sì ń fi iye náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àgbà. Bí iye méjèèjì kò bá wá dọ́gba ńkọ́? Èwo ni kí a gbà gbọ́?

Ìbéèrè yìí ti wà ṣáájú BVAS. Nígbà tí Palm Pilot jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, ẹni tó ni ín a gbé e lé orí ìjókòó kékeré kan tí wáyà serial so mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Wáyà yìí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí èèrà tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ọdún yẹn gan-an ni ìlànà USB kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó di 1999, Visor tí ilé iṣẹ́ Handspring ṣe ti ń lo USB, tó yára ju ti àtijọ́ lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìṣòro àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ju ti wáyà lọ. Palm máa ń fi àmì sí àkọsílẹ̀ tó bá yí padà. Bí àkọsílẹ̀ kan bá yí padà níhà méjèèjì, kì í pa ọ̀kan rẹ́: ó ń tọ́jú méjèèjì, ó sì ń sọ pé ìyàtọ̀ wà.

Wáyà ti kúrò lọ́nà báyìí. Ìyàtọ̀ kò kúrò. Lẹ́yìn ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, 2022, Gboyega Oyetola gbé àkọsílẹ̀ tí INEC fún un láti inú kọ̀ǹpútà àgbà lọ sílé ẹjọ́, ó ní ìbò ju iye olùdìbò lọ. Àwọn olùjẹ́jọ́ ní kì í ṣe gbogbo BVAS ló ti fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́ tán nígbà náà. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ dá Oyetola láre ní oṣù Kìn-ín-ní, 2023. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé e, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fìdí Ademola Adeleke múlẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún: BVAS fúnra rẹ̀ ni orísun ẹ̀rí, wọn kò sì gbé e wá.

Ìdájọ́ náà bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ẹ̀rọ ọwọ́ kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún un tò. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, INEC sún ìdìbò gómìnà láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 kí ó lè tún BVAS tò lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ. Ẹ̀rọ a sì tún máa jóná: ní oṣù Kẹsàn-án, 2020, iná run ẹ̀rọ 5,141 tí wọ́n fi ń ka káàdì ìdìbò ní ọ́fíìsì INEC ní Àkúrẹ́.

Nítorí náà, kí a tó pa ohun inú BVAS rẹ́, ó yẹ kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú fi iye inú rẹ̀ wé ti kọ̀ǹpútà àgbà, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Bí ẹlẹ́rìí bá ti gbàgbé ohun tó rí, ta ni yóò jẹ́rìí sí ìbò ará Isuada?