Yíyan tambour bíréèkì fún mọ́tò asáré àtijọ́: ohun tó yẹ kí ẹni tó ní MGA 1500 mọ̀

Ẹni tó bá ra mọ́tò asáré àtijọ́, ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà ló sábà máa ń kọ́kọ́ náwó sí. Bíréèkì ló máa ń gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣíwájú. Apá kan ṣoṣo nínú bíréèkì náà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí: tambour, ìyẹn agbada irin tó máa ń bá ẹsẹ̀ mọ́tò yí. Àwọn mẹkáníìkì wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa láti ara Peugeot 404 àtijọ́. Mọ́tò tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni MGA 1500 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní tambour. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Faransé tàbí ní London lè bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́jà àwọn ọkọ̀ àtijọ́.

Ní ìlú Abingdon ni ilé iṣẹ́ MG ti ṣe MGA, láti 1955 títí di 1962. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe lápapọ̀ jẹ́ 101,081, òkè òkun sì ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ, pàápàá jù lọ Amẹ́ríkà. Èèyàn méjì ni ọkọ̀ náà ń gbà. Kò wúwo, ó sì lè sáré kọjá kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Ẹ rántí eré yẹn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọdún tó jáde gan-an ni ọ̀rọ̀ bíréèkì gbóná jù láàárín àwọn tó ń ṣe mọ́tò asáré. Níbi ìdíje Le Mans ti 1955, Jaguar tó gba ipò kìíní ní disque ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tambour ni Mercedes lò ní tiẹ̀, ó sì di dandan kí wọ́n fi páànù ńlá kan kún un lẹ́yìn awakọ̀, tó máa ń dìde dúró láti gba afẹ́fẹ́ kí ọkọ̀ lè dẹ eré. MG náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó di MGA lẹ́yìn náà. Nígbà tó di 1958, wọ́n gbé MGA Twin Cam jáde pẹ̀lú disque ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 1959, MGA 1600 gba disque ní ẹsẹ̀ iwájú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní 1500 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tambour nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Kí ló ń ba tambour jẹ́?

Ooru ni. Tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà, omi bíréèkì á ti àwọn mâchoire méjì síta, garniture tó wà lára wọn á sì fún mọ́ inú tambour. Gígbo tí wọ́n ń gbo ara wọn yìí ló ń dá ọkọ̀ dúró, òun náà ló sì ń mú ooru wá. Ooru ọ̀hún kì í tètè ríbi jáde, torí inú agbada ló há sí. Irin tó bá gbóná máa ń fẹ̀. Tambour MGA 1500 jẹ́ ínṣì 10, ìyẹn mìlímítà 254, láti etí kan dé èkejì nínú. Tí ooru rẹ̀ bá fi 200 dìgíríì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á fẹ̀ sí i ní bí ìdajì mìlímítà. Lójú, ìyẹn kò tó nǹkan, àmọ́ ọ̀nà tí mâchoire máa rìn kó tó kan irin ti gùn sí i nìyẹn, pẹ́dà á sì wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Garniture náà, tó bá ti gbóná jù, kì í di irin mú mọ́. Ẹni tó ń wakọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bíi ti Kútọnu lè má mọ̀ láéláé. Lórí òkè ni yóò ti mọ̀, nígbà tó bá tẹ pẹ́dà tí ọkọ̀ kò dúró.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ti tẹ́lẹ̀

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ tú tambour tó wà lára ọkọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣe fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku tó wà nínú rẹ̀ o. Asbestos wà nínú garniture ayé ìgbà yẹn, eruku rẹ̀ sì máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó dà á nù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà ni ìwọ̀n. Tambour tó ti ń jẹ fún ọdún púpọ̀ máa ń ní etí kan tó yọ síwájú, níbi tí garniture kì í kàn. Ẹni tó bá gbé pied à coulisse lé etí yẹn máa rò pé 254 ṣì ni, nígbà tí inú ti jẹ lọ jìnnà. Inú lọ́hùn-ún, níbi tí garniture ti ń gbo ó, ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ wọ̀n ọ́n nítòsí etí àti nítòsí ìdí. Ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìbú àti ní òró, bí ẹni ń fa àgbélébùú. Tí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, tambour náà kò rí roboto mọ́ nìyẹn, òun ló sì ń fà á tí pẹ́dà fi ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

Tourneur tó mọṣẹ́ lè fá a kó tún rí roboto, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Fún tambour ínṣì 10, àwọn oníṣẹ́ kì í sábà jẹ́ kó kọjá mìlímítà 1.5 lórí ìwọ̀n rẹ̀ àtètèkọ́ṣe, ìyẹn 255.5. Tó bá kọjá ibẹ̀, irin náà ti tín-ín-rín jù: kò lè gba ooru púpọ̀ mọ́, ó sì lè là. Ẹ tún wò ó bóyá ojú búlúù wà nínú rẹ̀. Ibi tí ooru ti sun irin nìyẹn, ó sì ti le ju ìyókù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e kọ́ sórí okùn kí ẹ fi òòlù kékeré kàn án díẹ̀. Fonte tó pé máa ń dún bí agogo. Èyí tó bá ti sán máa ń dún kèù bí ìkòkò tó fọ́. A fẹ́ràn ìdánwò yìí torí kò náni ní kọ́bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rọ́pò kí èèyàn fi ojú wá ibi tó là.

Ní tiwa, tambour àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tó ṣì wà ní 254.5, tó sì dún dáadáa, sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán tuntun tàn yín.

Tó bá di pé tuntun ni ẹ máa rà

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún ẹni tó ń tà ni irú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ yín ní. MGA kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ, tí nọ́ọ̀tì mẹ́rin dì í mú. Òmíràn wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáyà bíi ti kẹ̀kẹ́, tí nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀. Tambour ti èkíní kì í wọ èkejì. A ti rí i pé àwọn tó ń rà á láti ọ̀nà jíjìn ló máa ń ṣubú síbí jù, torí ohun tí wọ́n kà kò ju «tambour MGA» lọ, àpótí á sì dé tán kí wọ́n tó mọ̀. Ẹ sọ iwájú tàbí ẹ̀yìn pẹ̀lú, kódà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n wọn dọ́gba.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Tí tuntun bá fúyẹ́ gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irin inú rẹ̀ kò tó. Ẹ ní kí tourneur yẹ̀ ẹ́ wò lórí moyeu ọkọ̀ yín gan-an, kì í ṣe lórí tábìlì, torí ibi tí wọ́n máa dè é mọ́ ló yẹ kó ti yí láìfì. Tuntun náà lè má rí roboto.

Irú kejì wà tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: alumíníọ́mù ni ara rẹ̀, ó ní abẹ́bẹ́ yíká ẹ̀yìn, fonte ló sì wà nínú níbi tí garniture ti ń kàn. Alfin ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù. Alumíníọ́mù máa ń gbé ooru jáde kíákíá ju fonte lọ, ó sì fúyẹ́, nítorí náà àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọn díje fẹ́ràn rẹ̀. Ewu tiẹ̀ wà níbi tí irin méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra. Tí wọ́n bá ti ń já kúrò lára ara wọn, ooru kò ní lè kọjá mọ́. Ẹ má ṣe ra àlòkù irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti gbọ́ bó ṣe ń dún. Fún ẹni tó kàn ń fi ọkọ̀ ṣe fàájì lọ́jọ́ Sunday, fonte tó dára ti tó.

Méjì-méjì la máa ń pààrọ̀ wọn, ọ̀tún àti òsì ẹsẹ̀ iwájú pa pọ̀, tàbí ti ẹ̀yìn pa pọ̀. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 254 tí èkejì sì jẹ́ 255.5, ọkọ̀ lè máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ní eré kìlómítà 100, lórí ọ̀nà tó tutù, ìyẹn lè gbé yín lọ sínú igbó. Mâchoire náà gbọ́dọ̀ bá tambour mu. Tí ẹ bá fá tambour, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé garniture kó bá ìwọ̀n tuntun mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín rẹ̀ nìkan ló máa kàn.

Wọ́n sábà máa ń fi òróró pa inú tambour tuntun kó má bàa dípẹtà. Ẹ fọ òróró náà kúrò pátápátá kí ẹ tó dè é. Lẹ́yìn náà, ẹ yí nọ́ọ̀tì tó ń sún mâchoire títí á fi fún, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ títí tambour á fi yí láìfara gbo. Ẹ máa tẹ pẹ́dà jẹ́jẹ́ fún bí igba kìlómítà àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì yẹn wò lẹ́yìn rẹ̀, torí garniture tuntun máa ń jókòó dáadáa kí ó tó mọ àyè rẹ̀.