Ẹgbẹ́ Ọnà àti Ògiri Ojúbọ n'Ílé-Ifẹ̀

Ọdún 1989 ni Moyọ̀ Òkédìjí, Bọ́lájí Campbell, Kúnlé Fìlání àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀. Òkédìjí àti Campbell, tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣàìkirè. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọn ìyá wọ̀nyí ń lò. Bí ọdún òrìṣà bá súnmọ́, wọn a tún ògiri náà kùn, àwòrán èṣí a sì wà lábẹ́ tuntun. Òkédìjí pẹ̀lú fi erùpẹ̀ ṣe ọ̀dà.

Nsukka ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú: Uche Okeke mú ulí, ọnà àwọn obìnrin Igbo, wọ inú ẹ̀kọ́ yunifásítì. Ní ọdún 1997, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington pàtẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà méje láti Nsukka, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olùkọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ṣe é gbé lọ síbi ìpàtẹ. Ògiri ojúbọ kò ṣe é gbé. Ìdí nìyí tí ìwé Campbell lórí àwòrán ojúbọ, tó jáde ní 2008, fi ṣe pàtàkì: inú rẹ̀ ni olùwòran ti lè bá iṣẹ́ àwọn ìyá náà pàdé.