Adẹ́rìn-ínpòṣónú àti Ọjà Ẹnu Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀: adẹ́rìn-ínpòṣónú. Bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe dá, ọ̀rọ̀-orúkọ ẹ̀rín, ọ̀rọ̀-ìṣe pa, àti òṣónú ní ìparí. Òṣónú ni ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn bọ̀rọ̀, tí ó ń bínú lódì, tí ojú rẹ̀ le koko bí ojú ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí kò fi ẹni tí ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ díwọ̀n iṣẹ́ náà. Òṣónú ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Aláwàdà àti apanilẹ́rìn-ín rọrùn létí jù ú lọ, ṣùgbọ́n adẹ́rìn-ínpòṣónú ni ó sọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó.

Síbẹ̀, nínú ìtàn iṣẹ́ yìí tí mo ti ń tọ pinpin fún ọdún mélòó kan, òṣónú kọ́ ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Ìṣòro náà ni pé ọjà ẹnu ni ọjà wọn. Orin tí a ti gbọ́ nígbà ogún lè tún dùn sí i, oríkì tí a mọ̀ láti kékeré a tún máa wú ni lórí. Àpárá tí a ti mọ ìparí rẹ̀ ńkọ́? Ó di ọ̀rọ̀ lásán. Aláwàdà tí ó ti sọ ọ́ tán lójú èrò ti ta á tán fún èrò náà.

Àwọn alárìnjó mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton àti Richard Lander wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí wọ́n pè ní Katunga nínú ìwé wọn, ọba sì pè wọ́n wá wòran. Clapperton kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: àwọn òṣèré tí wọ́n wọ inú àpò, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń tàkìtì, ẹnì kan tí ó di òjòlá, lẹ́yìn náà ni àpò kan ṣí, tí ẹnì kan jáde, funfun báláú, ó rù hangogo, bí ẹni tí òtútù ń pa. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí òyìnbó tí kò wọ bàtà yóò ti rìn lórí ilẹ̀ tí òtútù ti mú gan. Àwọn èrò ìwòran ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń yíjú sí àwọn àlejò náà, kí wọ́n lè gbà pé ó jọ wọ́n lóòótọ́. Ẹ wo ìgboyà! Ẹni tí wọ́n ń sín jẹ jókòó síbẹ̀, ó jẹ́ àlejò ọba, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá yóò bínú.

Alárìnjó tí ó ṣe eré kan lónìí lè gbé e lọ sí ìlú mìíràn ní ọ̀la, kí ó tún dà bí ẹni pé àná ni wọ́n dá a. Ẹsẹ̀ wọn ni ó ń sọ àwàdà wọn di tuntun. Ti ẹlẹ́fẹ̀ inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa, yàtọ̀ sí èyí. Ojú àwọn ará ìlú tirẹ̀ ni ó ti ń kọrin, lọ́dọọdún, ní òru. Ìwà àwọn ènìyàn ìlú ni ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà, agọ̀ sì ni ààbò rẹ̀: ohun tí kò jẹ́ sọ ní ọ̀sán gangan, yóò sọ ọ́ lábẹ́ agọ̀, wọn kò sì ní mú un sí i. Ìlú fúnra rẹ̀ ni ó ń bá a wá ọ̀rọ̀ tuntun, nítorí kò sí ọdún kan tí ènìyàn kò ní hùwà ẹ̀gàn.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní ọdún 1959, ọgbọ́n ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pin. Gbogbo ìlú ń wo àwàdà kan náà ní alẹ́ kan náà. Inú ayé tuntun yìí ni Moses Olaiya Adejumo, Baba Sala, ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọmọ Iléṣà tí wọ́n bí ní ọdún 1936 ni, orin ni ó sì kọ́kọ́ ń ṣe. Sunny Adé wà nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọgbọ́n tí Baba Sala dá sí ọ̀ràn àwàdà tí ó ń gbó ni pé kò gbé ara lé àpárá nìkan. Ó dá ènìyàn kan: ahun, arúgbó oníṣekúṣe, tí ó gbé aago ńlá kọ́ ara, tí táì ọrùn rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ kí ó tó lanu. Ní èrò tèmi, kò tíì sí aláwàdà Yorùbá tí ó lóye iṣẹ́ náà tó o.

Òun náà ni ìpalára tí ó burú jù bá. Ní ọdún 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ni olùdarí rẹ̀. Fíìmù onísẹ́lúlọ́ìdì ni, owó tí ó sì kó lé e kì í ṣe kékeré. Ibi tí èrè yóò ti wọlé ni gbọ̀ngàn ìwòran, ìlú dé ìlú, gẹ́gẹ́ bí ti alárìnjó. Ṣùgbọ́n àwọn olè ti da fíìmù náà kọ sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ẹni tí ó ti wò ó ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tún ní sanwó láti wò ó ní gbọ̀ngàn. Gbèsè wọlé dé. Ó tún ṣe fíìmù lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò jinná bọ̀rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Gbénga Adéboyè, tí ó kú ní ọdún 2003, gba ọ̀nà mìíràn. Orí rédíò ni ó ti gbajúmọ̀, kí kásẹ́ẹ̀tì tó gbé ohùn rẹ̀ wọ gbogbo ilé. Ó pe ara rẹ̀ ní Alhaji Pastor Olúwo, ó sì lè ti inú ẹ̀ka-èdè kan bọ́ sí òmíràn láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, a há kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí ju ìwé wa lọ. (Mo ṣì gbà pé òun ni olùkọ́ ẹ̀ka-èdè tí mo kọ́kọ́ ní.) Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún òun fúnra rẹ̀: bí a bá ti há a sórí, ó gbọ́dọ̀ wá òmíràn.

Ní ọdún 1995 ni Opa Williams bẹ̀rẹ̀ Nite of a Thousand Laughs ní Èkó, ètò tí aláwàdà ti ń dá dúró lórí ìtàgé pẹ̀lú gbohùngbohùn nìkan. Ali Baba, ọmọ Delta, gbé pátákó ìpolówó ńlá sí ìgboro Èkó lópin àwọn ọdún 1990 láti jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni pípanilẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń fún aláwàdà níbi àríyá ṣáájú ìgbà náà kò ju owó ọkọ̀ àti àwo ìrẹsì lọ. Owó iṣẹ́ náà gbéra. Ṣùgbọ́n èdè Pìjìn ni ó gba ìtàgé, nítorí gbogbo ẹ̀yà ni ó wà nínú gbọ̀ngàn Èkó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, bí I Go Dye àti Gordons, sì jẹ́ ọmọ Delta.

Ìpinnu yìí kò rọrùn fún ọmọ Yorùbá. Ohùn ni púpọ̀ nínú ẹ̀rín wa ń gùn. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín: obìnrin kan pe mẹkáníìkì lórí fóònù, ó ní ọkọ òun kò ṣiṣẹ́ láti ìjẹta. Mẹkáníìkì gbọ́ ọkọ̀, ó ní kí ó gbé e wá, òun yóò tú inú rẹ̀ wò. Ẹ gbé èyí lọ sínú Pìjìn kí ẹ wo bí yóò ti kú. Aláwàdà tí ó bá fi Yorùbá ṣe é yóò pàdánù ìdajì gbọ̀ngàn. Èyí tí ó bá fi Pìjìn ṣe é yóò fi irinṣẹ́ tí ó mú jù sílẹ̀ nílé. Gbénga Adéyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ètò Laffmattazz tirẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Akúrẹ́, mo sì rò pé ìrìnàjò yẹn bá ọgbọ́n àwọn alárìnjó mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Bí ẹ bá wá bi mí léèrè ibi tí àwàdà ìdúró ní èdè Yorùbá ti ń jẹun lónìí, n kò ní tọ́ka sí gbọ̀ngàn kankan. Ibi ìdána ni n ó tọ́ka sí. Alága ìdúró àti alága ìjókòó, obìnrin ni púpọ̀ nínú wọn, ni wọ́n ń fi ẹnu lásán gba owó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta: wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pòwe, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ ọkọ ìyàwó lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò kan ilẹ̀. Orúkọ wọn kì í sí nínú ìtàn aláwàdà tí àwọn ènìyàn ń kọ, èyí kò sì tọ́. Ìdílé tí wọ́n bá lónìí yàtọ̀ sí ti Sátidé tí ó kọjá, nítorí náà àpárá kan lè bọ́ wọn fún ọdún mẹ́wàá.

Fóònù ti ń ba ìyẹn náà jẹ́. Nígbà tí ìjọba ti ìlú pa ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí Kòrónà, àríyá dúró, owó dúró, ọ̀pọ̀ aláwàdà sì sá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò tí kò lópin ni wọ́n bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpárá tí ó wúlò fún ọdún kan tẹ́lẹ̀ kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Alága ìdúró kan tí mo bá sọ̀rọ̀ sọ fún mi pé òun ti ń kọ gbogbo àpárá òun sínú ìwé àjákọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ìdílé tí òun ti lò ó, nítorí àbúrò ìyàwó kì í pẹ́ dàgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ṣì ní fídíò ìdána tirẹ̀ lórí fóònù.