Aṣọ Ọkùnrin ní Libreville
Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn ọkùnrin Mpongwe ti ẹnu odò Gàbọ́ọ̀nù mọ èyí kí àwọn Faransé tó fi àwọn ẹrú tí a gbà lára ọkọ̀ Elizia tẹ Libreville dó ní 1849. Òwò eyín erin, igi àti ẹrú ni wọ́n fi ń ra kóòtù àti fìlà òyìnbó. Ọba Denis Rapontchombo, tí ó wàjà ní 1876, a máa wọ aṣọ ológun Yúróòpù gba àlejò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn akọ̀wé ará Gàbọ́ọ̀nù gbé ìmúra yìí dé Brazzaville, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Kì í ṣe fáàrí lásán. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, aṣọ ni mẹ̀kúnnù fi ń bèèrè àpọ́nlé. Síbẹ̀, bí a bá rántí ẹrú tí a tà ra kóòtù, a ó gbà pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.