Díìṣì Ojú Fèrèsé

Ní Rinkeby, lẹ́bàá ìlú Stockholm ní Sweden, ìdílé kan wà tó ti Iraq wá: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta. Wọ́n gba ilé níbẹ̀ lọ́dún 1999. Díìṣì kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná wọn, òun ni wọ́n fi ń wo ètò lédè Lárúbáwá àti èdè Farsi. Àdéhùn ilé sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ so irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ilé láìgba àṣẹ. Nígbà tó yá, onílé ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n wá gbé e sínú ilé ìdáná, lórí irin tó yọ orí síta láti ojú fèrèsé kékeré. Onílé ní ìyẹn náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Lọ́dún 2005, kóòtù Sweden dá onílé láre. Ìdílé náà kọ̀ láti yọ díìṣì, ni wọ́n bá kó jáde, wọ́n lọ sí ìlú mìíràn.

Ṣé nítorí tẹlifíṣọ̀n lásán ni? Kí ìyẹn tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Jámánì.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1961, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti Túrkì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí àwọn ọmọ Túrkì wá ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n ni "òṣìṣẹ́ àlejò". Àlejò kì í pẹ́, àbí? Gbogbo èèyàn ló rò pé wọ́n máa tó padà sílé. Torí náà, ìwọ̀nba ni ohun tí wọ́n ń bù fún wọn lórí afẹ́fẹ́. WDR ní ìlú Cologne bẹ̀rẹ̀ ètò rédíò lédè Túrkì lọ́dún 1964, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n kékeré fún àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì lọ́dún 1965.

Ṣùgbọ́n àlejò ò lọ. Lọ́dún 1973, Jámánì dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ tuntun dúró. Àwọn tó ti wà ńbẹ̀ rí i pé táwọn bá lọ, ó lè má ṣeé ṣe láti padà wọlé mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó àti ọmọ. Ilé kún. Tó bá wá di alẹ́, kí ni wọn ó máa wò?

Fídíò ló kọ́kọ́ dáhùn. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, kásẹ́ẹ̀tì fíìmù Túrkì gba àdúgbò wọn kan, wọ́n ń háyà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa náà mọ ìtàn yìí. Kásẹ́ẹ̀tì fíìmù Yorùbá náà bá gàrí àti ẹ̀gúsí rìn nínú báàgì lọ sí ìlú Ọba. Ti Amẹ́ríkà tiẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀: ètò PAL ni Nàìjíríà àti ìlú Ọba ń lò nígbà náà, NTSC ni Amẹ́ríkà. Kásẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ geerege ní Sùúrùlérè á dé Houston, ẹ̀rọ ibẹ̀ ò ní lè kà á dáadáa, àfi tí wọ́n bá tún un dà sí òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni sátẹ́láìtì dé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni kókó wà. Sátẹ́láìtì yìí wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 sí ilẹ̀. Bí ayé ṣe ń yí lòun náà ń yí, torí náà lójú tiwa, ojú kan ló dúró sí. Ó ń da àwòrán sílẹ̀ bí òjò. Díìṣì ni igbá tí à ń gbé síta láti fi gbe òjò náà. Òjò kì í béèrè orúkọ ẹni tó gbé igbá síta. Sátẹ́láìtì ò mọ ẹni tó ń wò ó, kò sì mọ ibi tó jókòó sí. Ohun tó kàn nílò ni kí nǹkankan má dí díìṣì lójú. Ní Europe, apá gúúsù ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Tó bá jẹ́ pé àríwá ni fèrèsé rẹ kọjú sí, o ti di ẹni tó ń bẹ onílé nìyẹn.

Lọ́dún 1990, TRT, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Túrkì, dá TRT-INT sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn tó wà ní Europe. Lọ́dún yẹn kan náà, nǹkan yí bìrí. Òfin Túrkì kò gbà kí aládàáni ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, làwọn kan bá lọ dúró sí Jámánì, wọ́n ń ti ibẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ sí Túrkì. Star 1 nìyẹn. Òjò ò mọ ẹnubodè.

Kò pẹ́ tí díìṣì fi bo ara ilé ní Berlin àti Cologne. Àwọn kan ní ó ń ba ilé lójú jẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn wúwo ju ìyẹn lọ: wọ́n ní díìṣì ni ẹ̀rí pé àwọn èèyàn yìí ò fẹ́ bá àwọn ṣe, pé ara wọn wà ní Berlin, ọkàn wọn wà ní Ankara.

Kevin Robins àti Asu Aksoy, àwọn onímọ̀ méjì, bá àwọn ọmọ Túrkì tó ń gbé London sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń wò. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ilé lójoojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ilé sórí bí ọ̀run. Ó ń rí ìpolówó ọṣẹ, ariwo òṣèlú, eré tí kò dùn. Ilé á padà di ibi tí èèyàn lásán ń gbé. Ó tún ń fi ìròyìn ibí wé ìròyìn ọ̀hún, kò wá gba èyíkéyìí gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò rí ilé rárá gan-an ni àárò máa ń dà láàmú jù.

Kóòtù náà dá sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1994, kóòtù tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ Jámánì dá ẹjọ́ ayálégbé kan tó jẹ́ ọmọ Túrkì. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìròyìn kan ètò ilẹ̀ òkèèrè náà. Onílé ní ẹ̀tọ́ lórí ilé rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀tọ́ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Kò lè kàn sọ pé ohun tó tó ọmọ Jámánì ti tó àjèjì.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ẹjọ́ ìdílé Rinkeby dé òpin ní Strasbourg, níwájú Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Europe. Wọ́n jàre. Kóòtù ní ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn kò mọ sórí ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan, àṣà àti eré ìnàjú wà nínú rẹ̀, ó sì ṣe kókó fún ìdílé àjèjì tó lọ́mọ mẹ́ta, tó fẹ́ kí èdè àti àṣà ilé má bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìròyìn àti rédíò ò lè dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdájọ́ yìí fi dé, wọ́n ti kó jáde tipẹ́.

Lónìí, íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ díìṣì. A ò bẹ onílé mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni kóòdù kíkọ, mo sì mọ ohun tó rọ́pò onílé. A ó gba àdírẹ́ẹ̀sì IP rẹ, a ó wo orílẹ̀-èdè tó ti wá, tí kò bá sí nínú àkójọ, a ó ti ilẹ̀kùn. Kóòdù rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́ta, mẹ́rin lọ. Ìdí ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń ta ẹ̀tọ́ fíìmù fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àjọ European Union tú u díẹ̀ lọ́dún 2018, pé ẹni tó ń sanwó ètò nílé lè máa wò ó tó bá rìnrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà. Ẹni tó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin yẹn rò, kì í ṣe ẹni tó kó lọ pátápátá.

Ìdílé Rinkeby rí ẹni tí wọ́n bá ṣẹjọ́. Ní tiwa, gbólóhùn kan ṣoṣo la máa ń rí: fídíò yìí kò sí ní orílẹ̀-èdè rẹ. Ta la fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Tí ẹ bá rí díìṣì tó ti dípẹtà lójú fèrèsé ilé àtijọ́ kan, ní Peckham o, ní Berlin o, ẹ má kàn pè é ní pàǹtírí. Ẹnì kan ti kó kúrò nílé nítorí irú rẹ̀.