Àwọn Mósè nínú Ìtàn Ìjọ, àti Mósè Ládèjọ ará Ògbómọ̀ṣọ́

Ìtàn tí àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ nípa ìlú wọn, ìtàn orúkọ ni. Wọ́n ní ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ògúnlọlá ni ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ti ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí ó sì gbé orí rẹ̀ wá fún Aláàfin. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ọdẹ yìí ní Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́; nígbà tí ó sì pẹ́ títí, ìnagijẹ ọkùnrin kan di orúkọ ìlú ńlá. Nítorí náà kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ láti gbà pé iṣẹ́ ni í sọ orúkọ di ohun tí a ń rántí. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi ojú yìí wò ni irú orúkọ mìíràn, èyí tí ìsìn Kristi gbé wá bá wa.

Ní ọdún 1855 ni T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti wàásù. Bí ìhìn rere ti ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ń gba orúkọ tuntun mọ́ èyí tí ìyá àti bàbá sọ wọ́n. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà. Àwọn kan ní orúkọ òyìnbó ni, pé àmì ìgbèkùn ni, kí a bọ́ ọ sọnù. Àwọn mìíràn fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbàgbé orúkọ ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan nínú àwọn orúkọ náà, èyí ni Mósè, kí a tọ ipa rẹ̀ láti orísun títí dé ọ̀dọ̀ wa, kí a lè mọ irú ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ.

Orúkọ òyìnbó kọ́ ni Mósè. Ní Íjíbítì, létí odò Náílì, ni ó ti ṣẹ̀. Ìwé Ẹ́ksódù sọ fún wa pé ọmọbìnrin Fáráò ni ó sọ ọmọ náà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó fà á jáde láti inú omi. Àwọn onímọ̀ èdè sì rí i pé ó fara jọ ọ̀rọ̀ Íjíbítì kan tí ó jẹ mọ́ bíbí ọmọ, èyí tí a ń rí nínú orúkọ àwọn ọba wọn bíi Tutmose. Èyíkéyìí tí a bá gbà, Yorùbá yóò mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀: ohun tí ó yí ìbí ọmọ ká ni a wò kí a tó sọ ọ́. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Odò ni ọmọbìnrin Fáráò wò.

Nínú àwọn tí ìjọ àtijọ́ kà sí ẹni mímọ́, ó ju ẹyọ kan lọ tí ó jẹ́ Mósè. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lẹ́yìn wòlíì náà ni Mósè Dúdú, ọmọ ilẹ̀ Etiópíà, tí ó gbé ní Íjíbítì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. Ìránṣẹ́ ìjòyè kan ni. Ọ̀gá rẹ̀ lé e jáde nítorí ìwà burúkú, ó sì di olórí ọlọ́ṣà. Lẹ́yìn náà ni ó sá tọ àwọn mọ́ńkì tí ń gbé ní aṣálẹ̀ Skẹ́tísì, ó ronú pìwà dà, ó sì di àlùfáà láàárín wọn. Wọ́n ní nígbà tí a pè é wá sí ìgbìmọ̀ láti ṣe ìdájọ́ arákùnrin kan tí ó ṣẹ̀, ó gbé agbọ̀n tí ó lu kọ́ ẹ̀yìn, iyanrìn sì ń dà sílẹ̀ bí ó ti ń bọ̀. Wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ òun náà ń dà lẹ́yìn òun, òun kò rí i, a sì ní kí òun wá dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Wọ́n dárí ji arákùnrin náà. Ní nǹkan bí ọdún 405 ni àwọn tí ó wá kó Skẹ́tísì lẹ́rú pa á, nítorí pé ó kọ̀ láti sá. Ìjọ Kátólíìkì ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Ògọ́sítì.

Mósè kejì kò lókìkí tó báyìí, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ sún mọ́ tiwa gidigidi. Ní ayé Valens, ọba Róòmù tí ó kú ní ọdún 378, Mavia, ayaba àwọn Lárúbáwá, gbógun ti Róòmù, ó sì ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún àlàáfíà, ohun tí ó béèrè ni pé kí a fi Mósè, ọmọ ẹ̀yà rẹ̀ tí ń gbé ní aṣálẹ̀, jẹ bíṣọ́ọ̀bù fún àwọn ènìyàn òun. Wọ́n mú un lọ sí Alẹkisáńdíríà kí Lucius, bíṣọ́ọ̀bù tí ìjọba fi síbẹ̀, gbé ọwọ́ lé e lórí. Mósè kọ̀. Ó ní ọwọ́ tí ó ti ta ẹ̀jẹ̀ àwọn onígbàgbọ́ sílẹ̀ kò ní kan orí òun. Ọ̀dọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí a lé kúrò nílùú ni ó ti gba oyè rẹ̀.

Ìbéèrè tí ọkùnrin yìí gbé dìde, pé ta ni ó ní àṣẹ lórí ẹni tí ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn àwọn ènìyàn tirẹ̀, ni ó tún jáde ní ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí 1,500 ọdún lẹ́yìn náà, lọ́wọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Mósè Ládèjọ Stone ni orúkọ rẹ̀ pé. Stone yìí, ọ̀dọ̀ R. H. Stone ni ó ti gbà á, míṣọ́nnárì tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè kí ogun Ìbàdàn tó run ìlú náà ní 1862. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, owó àti ènìyàn dẹ́kun láti ọ̀hún, ó sì di 1875 kí W. J. David àti W. W. Colley tó wá tún iṣẹ́ náà gbé dìde. Láàárín àkókò yẹn, àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ wa ni kò jẹ́ kí iná náà kú. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Mósè Ládèjọ. Ní 1880, wọ́n fi í joyè olùṣọ́-àgùntàn, ó sì jẹ́ Yorùbá àkọ́kọ́ tí àwọn Onítẹ̀bọmi yàn sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà ní Èkó.

Ní 1888 ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Èdè-àìyedè lórí owó iṣẹ́ àti lórí àṣẹ dé láàárín òun àti David, míṣọ́nnárì náà sì yọ ọ́ kúrò láìbi ìjọ léèrè. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjọ bínú jáde, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Ebenezer. Ó wà lára àwọn ìjọ àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa tí ọmọ ilẹ̀ fúnra wọn dá sílẹ̀ tí wọ́n sì ń bọ́ fúnra wọn.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ orúkọ nínú ìyapa yìí. David Brown Vincent wà lára àwọn tí ó jáde. Ní 1894 ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó di Mojọlá Agbébí. Mósè Ládèjọ Stone kò bọ́ tirẹ̀. A kò lè sọ pé ẹni tí ó pa orúkọ míṣọ́nnárì mọ́ jẹ́ ojo, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìjọ torí rẹ̀ jáde. A kò sì lè sọ pé ẹni tí ó bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kọ ìgbàgbọ́, nítorí pé ní 1914, nígbà tí ìhà méjèèjì tún parapọ̀ nínú Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Yorùbá, Agbébí ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Orúkọ kọ́ ló jà ní 1888. Ẹ̀tọ́ ìjọ láti yan ẹni tí yóò darí rẹ̀ ni.

Mósè kan ṣì kù. Orímọládé Túnọláṣẹ, ọmọ ìdílé ọba ní Ìkàrẹ́, jẹ́ Mósè pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún, síbẹ̀ ó rìn wàásù títí dé ìhà Òkè Ọya kí ó tó wọ Èkó ní 1924. Ní 1925, òun àti ọ̀dọ́mọbìnrin Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà tí ó di Kérúbù àti Séráfù. Ní 1929 ẹgbẹ́ náà pín, ní 1933 ni ó sì kú. Kò sí póòpù tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń pè é ní Mósè Mímọ́ títí di òní.

Onítẹ̀bọmi kì í yan ẹni mímọ́, n kò sì wí pé kí Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ tí kò ní ìwé orúkọ ẹni mímọ́ ní láti ṣọ́ra ju ìjọ tí ó ní in lọ, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí yóò rán an létí àwọn tí ó ti kọjá. Ìrántí Mósè Dúdú wà lọ́wọ́ kàlẹ́ńdà. Ti Orímọládé wà lẹ́nu àwọn aládùúrà. Ti Ládèjọ, ọwọ́ wa ni ó wà. Kí ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní orúkọ Bowen má ṣe fi ti Ládèjọ sẹ́yìn. Kí ẹni tí ó bá sì ń jẹ́ Mósè ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí mọ̀ pé orúkọ tí òun ń jẹ́ ti wà ní ilẹ̀ Áfíríkà kí òyìnbó tó gbọ́ ọ, àti pé ọmọ ìlú òun ti jẹ́ ẹ, ó sì ti jẹ́ ẹ dáadáa.