ORÚKỌ BÀBÁ WA NÍNÚ ÌWÉ FARANSÉ

Oníṣòwò ni mí, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó kan gbogbo àwa tí a ń bímọ sí Kàdúná.

Kétu ni bàbá tí ó bí bàbá mi ti wá. Ìlú Yorùbá pọ́nńbélé ni. Alákétu ni ọba wọn, ìdílé márùn-ún ni ó sì ń jẹ oyè náà. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin, tí òun náà sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894, àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wá tún ilé kọ́. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fọwọ́ sí ìwé ààlà ní oṣù kẹjọ ọdún 1889. Kétu, Ṣábẹ̀ àti Pobẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò bi onílẹ̀ kankan léèrè.

Owó orí àti iṣẹ́ tipá Faransé wúwo. Nígbà ogun 1914 sí 1918, wọ́n tún ń mú àwọn ọ̀dọ́ ṣe sójà. Ọ̀pọ̀ sá kọjá ààlà wá sí ìhà tiwa. Bàbá àgbà mi wà nínú wọn, iṣẹ́ rélùwéè ni ó sì gbé wọn dé Kàdúná. Àbúrò wọn dúró sí Kétu.

Láyé àtijọ́, Yorùbá kò ní orúkọ ìdílé bí ti òyìnbó. Orúkọ ẹni, oríkì, àti “ọmọ Lágbájá” ti tó. Akọ̀wé Faransé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ orúkọ ìdílé kí ó tó kọ orúkọ ẹni. Ẹnìkan dá orúkọ bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn dá ti bàbá àgbà, ọmọ ìyá kan náà sì lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé méjì. Bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ni ó ṣe kọ ọ́: Òjò di ODJO, Ajíbádé di ADJIBADE, Ògún di OGOUN.

Ní ọdún kan, mo lọ ra aṣọ ní Kùtọnu. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni tí ó tajà fún mi já rìsíìtì, mo rí orúkọ wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi D ṣáájú J. Mo ní, “Báwo ni ẹ ṣe kọ orúkọ wa báyìí?” Ó ní bí ó ṣe wà nínú ìwé bàbá àgbà òun nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ oríkì orílẹ̀ wa, òun ni ó parí rẹ̀. Mo bi í léèrè èèwọ̀ wọn, ọ̀kan náà ni. Ni ó bá dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀.” Ọmọ ọmọ àbúrò bàbá àgbà wa ni. Ó dùn mí pé bàbá mi ti kú kí n tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀ lè wo ìwé ìtẹ̀bọmi ìjọ Àgùdà, nítorí àwọn fáda ti dé Wídà láti 1861. Ilé ìkó-ìwé-ìjọba wà ní Àjàṣẹ́, òmíràn wà ní Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé. Kí ó wá orúkọ náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà kọ ọ́.

Ẹ má rò pé Faransé nìkan ni ó ṣe irú èyí. Ní Kàdúná níhìn-ín, orúkọ àbísọ bàbá ni wọ́n ń kọ mọ́ ti ọmọ ní ilé ìwé. Bí ọmọ náà bá bímọ, orúkọ mìíràn tún dé. Àwọn mìíràn ń jẹ́ Ọ̀fà tàbí Ìlọrin ní orúkọ ìdílé. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, ta ni yóò mọ ilé wa?

Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ kí a ra ìwé ńlá kan. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀, ti bàbá, ti bàbá àgbà, agbo ilé, oríkì àti èèwọ̀ sínú rẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí tiwa gbẹ. Àṣẹ.